Ọdún Tí Mo Gbé Ọmọ Wa Sórí Àtẹ

Bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán ní mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham, àwọn ọ̀dọ́ máa ń yí mi ká níbi tí a ń bọ́ bàtà sí, wọ́n á ní, "Uncle Wàsíù, iṣẹ́ wo lẹ tiẹ̀ ṣe kí ẹ tó retire?" Ẹlòmíràn nínú wọn ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ẹlòmíràn ń wa ọkọ̀, ẹlòmíràn kò tíì mọ ohun tó fẹ́ ṣe rárá. Bí mo bá ní họ́kì ni mo ṣe, họ́kì orí yìnyín, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n á wo ikùn mi, wọ́n á wo agbádá mi, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti sú mi láti máa dáhùn lórí ìdúró, ẹsẹ̀ mi kò sì gba ìyẹn mọ́. Mo wá jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ẹ kà á kí ẹ tó pinnu irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ayé yín ṣe.

N kò gbá họ́kì rí o. Bí ẹ bá gbé mi sórí yìnyín báyìí, ẹ ó ní láti pe ambulance. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n mọ ẹni tó yẹ kó wà nínú ẹgbẹ́, ẹni tó yẹ kó kúrò, ìgbà tó yẹ kó kúrò, àti bí a ó ṣe ṣe é tí a kò fi ní rú òfin líìgì. Mo ṣe é títí irun mi fi funfun, mo sì ṣe é dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu rẹ ara ẹni sílẹ̀.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gùn. Mo ń wa bọ́ọ̀sì, ẹgbẹ́ họ́kì kan níbí ní South London sì nílò awakọ̀ tí yóò máa gbé wọn lọ síbi ìdíje ní ìparí ọ̀sẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì burú. Ẹni tó ń ṣàkóso orúkọ àwọn eléré nígbà náà ni Mọ́ríìn, òyìnbó Bermondsey, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí sìgá ti sọ ohùn rẹ̀ di ohùn ọkùnrin. Lọ́jọ́ kan tí à ń bọ̀ láti Wales, ó wá jókòó sẹ́yìn mi, ó ní, "Wàsíù, ta ni inú rẹ̀ kò dùn nínú bọ́ọ̀sì yìí?" N kò bojú wẹ̀yìn tí mo fi dá a lóhùn. Mo dárúkọ ẹni tó máa ń kọrin tí kò kọrin lọ́jọ́ náà, mo dárúkọ ẹni tó pààrọ̀ ìjókòó, mo sì dárúkọ ẹni tó ń jẹun láìdánu dúró. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló ní kí n wá máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun.

Kí n tó sọ bí obìnrin yẹn ṣe fi ojú mi rí màbo, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Líìgì wa fi gbèdéke sí owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè san fún gbogbo eléré rẹ̀ lápapọ̀. Bí o lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, o kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Wọ́n tún fi gbèdéke sí iye ènìyàn tó lè wà lórí ìwé, nítorí náà bí ẹnì kan bá ń wọlé, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ máa jáde. Ẹni tó ń jáde náà kò lè kàn dìde kó lọ sí ẹgbẹ́ kejì wa, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá láìgbowó. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ síta fún ọjọ́ méjì kí gbogbo ẹgbẹ́ yòókù rí i. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ẹ láàárín ọjọ́ méjì yẹn, tiwọn ni, a kò lè wí nǹkan kan. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mú un, ó di tiwa padà. Waivers ni àwọn òyìnbó ń pè é. Èmi máa ń pè é ní àtẹ, nítorí ẹni tó bá ń kọjá lọ lè nawọ́ mú ohun tó wà lórí rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Nígbà mìíràn o fẹ́ràn eléré kan, o fẹ́ kó padà wá bó bá ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n àyè kò sí fún un báyìí. O máa gbé e sórí àtẹ nígbà tí ojú gbogbo ènìyàn wà níbòmíràn, o sì máa pa ẹnu mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí Mọ́ríìn fi kọ́ mi nìyẹn, pé ẹni tí n kò bá fẹ́ pàdánù, n kò gbọdọ̀ yìn ín létí ará ìta. Bí alákòóso ẹgbẹ́ mìíràn bá béèrè rẹ̀, kí n sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́.

Èkejì ló ṣòro fún mi jù láti kọ́. Bí a bá fẹ́ gbé ènìyàn sórí àtẹ, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wa, lójúkojú, lórí ìjókòó, kí ẹlòmíràn tó gbọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó rán mi sí ni eléré ará Canada kan, ọkùnrin gìrìwò tí apá rẹ̀ tó itan mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo dá a dúró níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, mo yára sọ ọ́, mo sì yára bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Àṣé Mọ́ríìn ń wò mí láti ojú fèrèsé. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Lọ pè é padà. Po tíì fún un. Jókòó tì í títí yóò fi mu ún tán, kí o sì tún un sọ." Mo pè é padà. Ọkùnrin gìrìwò yìí mu tíì náà, ó sunkún bí ọmọdé, ó wá sọ fún mi pé bàbá òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wá wo òun bí òun ṣe ń gbá. Bí n kò bá jókòó ni, n kì bá tí gbọ́ ìyẹn láé. Mo sọ fún Mọ́ríìn, òun náà pe àwọn ènìyàn rẹ̀ kiri, ó sì rí ẹgbẹ́ kan tó mú un kí bàbá rẹ̀ tó dé.

Ìyá náà le. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀, mo máa bá ilẹ̀kùn ní títì. Bí mo bá ní "mo rò pé," á ní kí n padà wá nígbà tí mo bá mọ̀. Ìgbà kan wà tí mo sọ fún ìyàwó mi pé n kò ṣe mọ́. Ìyàwó mi ní kí n lọ sùn, pé bí ilẹ̀ bá mọ́ n ó lọ. Mo sì lọ lóòótọ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, pátákó gbọọrọ kan ló wà lára ògiri ọ́fíìsì wa tí ìṣó kún ara rẹ̀. A kọ orúkọ eléré kọ̀ọ̀kan sára igi pẹlẹbẹ kékeré, a so ó kọ́ ìṣó. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kúrò, Mọ́ríìn á yọ igi rẹ̀, á gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, á wò ó díẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀. Fáàsì la fi ń ránṣẹ́ sí líìgì, fáàsì náà sì máa ń jẹ bébà bí ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ni ímeèlì dé, lẹ́yìn ìyẹn ni kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀ dé, tí ojú rẹ̀ á pọ́n bí o bá fẹ́ kọjá gbèdéke. Àwọn kan tí a jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí bá a jà. Èmi kò bá a jà. Mo lọ kọ́ ọ ní kíláàsì àwọn àgbà ní Catford, èmi àti àwọn ọmọ tí mo lè bí, mo sì gba ìwé ẹ̀rí. Iṣẹ́ tó ń gba odindi ọjọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí mo ń ṣe kí tíì mi tó tutù. Ẹ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ayé àtijọ́ dára jù. Fáàsì yẹn kò dára rí.

Nígbà tí Mọ́ríìn fẹ́ fẹ̀yìn tì, àwọn tó ni ẹgbẹ́ ń wá ẹlòmíràn láti òkèèrè. Ó ní bí kì í bá ṣe Wàsíù, òun kò ní fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sílẹ̀. Bí mo ṣe jókòó lórí àga yẹn nìyẹn. Ọmọ Ìsẹ́yìn, tí kò rí yìnyín rí àfi inú fìríìjì kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, òun ló wá ń pinnu ẹni tí yóò wọ aṣọ ẹgbẹ́ họ́kì ní London. Orí mi wú, ó sì ń wú títí dòní. Ní gbogbo ìgbà tí mo wà níbẹ̀, a kò kọjá gbèdéke rí, líìgì kò sì bá wa wí rí. A gba ife lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú àwọn eléré tí àwọn ẹlòmíràn ti gbé jù sílẹ̀. Èmi ni mo rí wọn.

Ìgbà yẹn ni Kàbírù dé. Ẹ̀yin ará Peckham mọ ìyá rẹ̀, Alhaja Sìdíkátù, tó ń ta àpótí ìrìnàjò ní Rye Lane. Kò sí ẹni tó ń lọ Mẹ́kà ládùúgbò wa tí kì í ra àpótí lọ́dọ̀ rẹ̀. Aylesbury Estate ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ni ọmọ náà ti dàgbà. Ilé-ìwé ló kó wọn lọ sórí yìnyín lọ́jọ́ kan, láti ọjọ́ náà kò fẹ́ bọ́ bàtà onírin tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Nígbà tó dàgbà tó láti wọ ẹgbẹ́ ńlá wa, Ààfáà ṣàdúrà fún un lórí mínbárì, gbogbo mọ́ṣáláṣí ṣe àmín. Ṣùgbọ́n kóòṣì wa kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Orí bẹ́ǹṣì ló máa ń wà. Mo máa ń sọ fún un pé kó ṣe sùúrù, pé àsìkò rẹ̀ ń bọ̀.

Ní àárín sáà kan, àjálù dé bá wa. Orúnkún aṣọ́lé wa, ẹni tó ń dúró ṣọ́ àwọ̀n, yẹ̀, dókítà ní yóò pẹ́ kó tó lè dúró lórí yìnyín. Kí a tó mọ ohun tí a ó ṣe, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà dùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní aṣọ́lé kò lè jáde rárá. Mo rí ọmọ Finland kan tó ṣe tán láti wá, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ wá àyè fún un. Mo yí kọ̀ǹpútà sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, ojú rẹ̀ ń pọ́n sí mi. Gbogbo ẹni tí mo bá yọ, nǹkan kan máa bàjẹ́, àfi ẹnì kan ṣoṣo. Kàbírù ni.

Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ọmọ náà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí òun bá tún padà sí ẹgbẹ́ kejì, òun máa fi họ́kì sílẹ̀ pátápátá. Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ fún un ní ṣọ́ọ̀bù bàtà kan ní Surrey Quays. Èmi sì fẹ́ kó dúró. Ohun tí mo rò ni pé n ó gbé e kọjá lórí àtẹ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, n ó bẹ̀ ẹ́ kó fara dà á ní ẹgbẹ́ kejì, bí aṣọ́lé wa bá ti gbádùn n ó mú un padà.

Mo lọ sílé wọn ní ọ̀sán Sátidé. Mo jókòó, ìyá rẹ̀ po tíì.

"Kàbírù," mo ní, "lọ́la mo máa fi ẹ́ sórí waivers."

Ó wo ilẹ̀. "So I'm done, Uncle?"

"O ò done. Ọjọ́ méjì péré ni. Àwọn yòókù ò mọ̀ ẹ́, wọn ò ní mú ẹ. O máa wà ní second team fún ìgbà díẹ̀, tí goalie bá ti gbádùn, mo máa mú ẹ padà."

"Second team, again? Nah, Uncle, mi ò lè. I'll just take that job, honestly. Ẹ má bínú."

Ìyá rẹ̀ gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Alhaji, ẹ dákun, ẹ ṣàlàyé fún mi. Tí àwọn ẹlòmíì bá mú un ńkọ́?"

"Á lọ bá wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, wọn ò ní mú un."

"Ṣé wọ́n máa jẹ́ kó gbá níbẹ̀?"

"Ẹni tó bá mú un gbọ́dọ̀ fi í sí first team, rule ni. Ṣùgbọ́n mo ní wọn ò ní mú un, Alhaja. Tí ẹnikẹ́ni ò bá ti sọ̀rọ̀ ẹ̀, wọn ò ní rí i."

"Àwọn wo gan-an ni 'wọn' yìí?"

Mo dá a lóhùn, mo tilẹ̀ ń gbádùn àlàyé ara mi. Mo sọ àwọn ẹgbẹ́ tó ṣì ní àyè lórí ìwé wọn, mo sọ èyí tó ń wá eléré tó yára. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó wá ní, "Ó dáa. A máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má mú un." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní wọn kì í bẹ̀bẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Mo jẹ ìrẹsì tó gbé síwájú mi, mo sì gba ilé lọ.

Lọ́jọ́ tí orúkọ Kàbírù jáde, alákòóso ẹgbẹ́ kan ní Wales pè mí lórí fóònù. Ẹ̀rín ń pa á débi pé n kò tètè gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ní imáàmù wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pe òun, pé kí òun ṣàánú, kí òun má mú ọmọ kan tó ń jẹ́ Kàbírù. N kò wọ kóòtù tí mo fi sáré dé Rye Lane.

Mo bá wọn nínú ṣọ́ọ̀bù. Ààfáà wa, Bàbá Àdínnì, àti àwọn ìyá ẹgbẹ́ àdúrà, gbogbo wọn jókòó lórí àpótí ìrìnàjò. Fóònù Alhaja wà láàárín wọn. Bàbá Àdínnì ló ń sọ̀rọ̀ sí i, pẹ̀lú ohùn tí ó fi máa ń bẹ àna bí tọkọtaya bá ń jà. Èdè òyìnbó ló ń sọ, ṣùgbọ́n bó ṣe wọ etí mi nìyí:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, a fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má mú ọmọ yìí. Ọmọ náà yára, sà, ó yára jù. Kì í mutí, kì í mu sìgá, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé training. Tí ẹ bá mú un lọ, ìyá ẹ̀ á sunkún. Ẹ ṣàánú wa, sà."

"Ẹ pa á!" mo kígbe. "Ẹ pa fóònù yẹn!"

"Alhaji, ẹ rọra," Ààfáà ní. "A ti fẹ́ parí. Ẹnì kan ló kù."

Kò sí òfin tó ní kí ìyá ọmọ àti àwọn ará mọ́ṣáláṣí rẹ̀ má tẹ fóònù. Ta ni ì bá rò pé wọ́n máa nílò irú òfin bẹ́ẹ̀? Mo yíjú sí Alhaja. "Kí lẹ ṣe yìí? Ṣebí mo ní ká dákẹ́ ni!"

Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn àpótí. "Ẹ má bínú, Alhaji. Ìyá ni mí. Ẹ̀bẹ̀ la mọ̀ ọ́n bẹ̀."

Kí ọjọ́ méjì náà tó pé, ẹgbẹ́ kan láti òkè lọ́hùn-ún ní Scotland mú ọmọ náà. Mo pe alákòóso wọn. Ó ní òun kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ bàbá yẹn, òun lọ wo fídíò rẹ̀. "Wàsíù," ó ní, "kí ló dé tí ẹ fi gbé irú èyí sórí bẹ́ǹṣì?" Mo sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́.

Kàbírù lọ, òun àti àpótí tuntun láti ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Ọmọ Finland yẹn gbà wá là, a parí sáà náà láìtẹ́. Ṣùgbọ́n mo bínú sí Alhaja. Ọmọ tí mo tọ́jú, tí mo gbà pé n ó fi yangàn kí n tó fẹ̀yìn tì, ó ti ẹnu dà á nù. Bí mo bá rí i ní Rye Lane, mo máa ń gba òdìkejì ọ̀nà.

Sáà tó tẹ̀lé e ni ẹgbẹ́ ará Scotland yẹn wá bá wa gbá. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí wá rẹpẹtẹ, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀. Alhaja Sìdíkátù wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò sì rí ibi sá gbà. Kàbírù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde. Kì í ṣe ọmọ tí mo mọ̀ lórí bẹ́ǹṣì mọ́. Ó ń pàṣẹ, ó ń nàka, àwọn ọkùnrin tó jù ú lọ ń tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tó fi já gba àárín àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn wa kọjá, ó sì gbá rọ́bà dúdú tí a ń lò bíi bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n wa. Gbogbo ará mọ́ṣáláṣí dìde. Èmi náà dìde, kí n tó rántí ẹgbẹ́ tí mò ń ṣiṣẹ́ fún.

Inú mi yọ́. Mo ní, "Alhaja, mo ti foríjì yín. Ọlọ́run ló sọ mistake yín di rere."

"Mistake wo, Alhaji?"

"Fóònù ọjọ́sí ńkọ́? Ẹ̀bẹ̀ tí ẹ fi bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó yíjú sí mi. "Alhaji, kí lẹ rò pé mò ń tà ní Rye Lane láti ọjọ́ yìí? Mo máa ń ta báàgì fún ẹni tó ní báàgì nílé. Èyí tí mo bá fẹ́ kó tètè lọ, ẹ̀yìn counter ni mo máa ń gbé e sí. Màá ní, ẹ dákun, ẹ má wo ìyẹn o, ti ẹnì kan ni. Kí n tó yíjú, wọ́n ti ń nawọ́ sí i."

"Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní tí wọn ò bá gbọ́ orúkọ ẹ̀, second team ló ń lọ. Ó sì sọ lójú yín pé òun máa fi sílẹ̀. Ẹ tún ní ẹni tó bá mú un gbọ́dọ̀ fi í sí first team. Kí lẹ wá fẹ́ kí ìyá ẹ̀ ṣe?"

"Ààfáà ńkọ́? Bàbá Àdínnì ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀?"

"Kí wọ́n mọ̀ kẹ̀? Tí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní lè bẹ̀bẹ̀ dáadáa." Ó tún búláńkẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. "Ẹ fẹ́ràn ọmọ yẹn, Alhaji. Mo mọ̀. Ẹ fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ẹ ń fi í pamọ́. Èmi fẹ́ kó gbá ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ṣinṣin. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín dé, mo rín in títí omi fi bọ́ lójú mi, àwọn tó wà níwájú ń wẹ̀yìn wò mí. Ẹgbẹ́ wa pàdánù lọ́jọ́ náà, n kò sì rántí ìgbà tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Bí Kàbírù ṣe bọ́ bàtà tán, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú kọ́rídọ̀, ó ní, "Uncle, ẹ ò vex, abi?" Mo ní kó dìde, kó lọ bá ìyá rẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni mo fẹ̀yìn tì. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ pè mí, wọ́n po tíì, wọ́n ní kí n dárúkọ ẹni tí mo rò pé ó mọ iṣẹ́ náà jù tó lè jókòó lórí àga mi. Mo ní obìnrin kan wà ní Rye Lane tó ń ta àpótí ìrìnàjò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá tábìlì, títí wọ́n fi wò mí tí wọ́n rí i pé n kò bá wọn rẹ́rìn-ín.